Ẹni Tó Ń Gbálẹ̀ Nílé Fadérẹ́rà

Ẹ ò rí Fadérẹ́rà! A ní kó bi aládùúgbò léèrè kó tó ra ilé, ó ní òun kánjú. Ìrọ̀lẹ́ tó gba kọ́kọ́rọ́ ilé tó fi òógùn ara rẹ̀ rà, ó gbọ́ ìró ìgbálẹ̀ nínú ilé, ṣàá, ṣàá, àti orin:

“Onílé ń gbálẹ̀ o,
Àlejò ń bọ̀ lọ́nà.”

Inú bí i.

“Alágbàtà olè! Ó ti ta ilé mi fún ẹlòmíì! Ìwọ tó wà níbẹ̀, jáde!”

Ó ṣílẹ̀kùn gbàà. Kò sí ẹnì kankan, àfi eruku tí ẹsẹ̀ ò tẹ̀ rí. Ipa ọwọ̀ ń fa ara rẹ̀ bọ̀ lórí eruku náà, ó sì dúró níwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Gbẹ́sẹ̀, ọmọ mi,” ohùn kan wí létí rẹ̀, “jẹ́ n gbá ibẹ̀.”