Ìrù Lọ́bsítà Mẹ́rin

Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí káfíńtà kan àti ìyàwó rẹ̀ bí kó lọ sílé tuntun, ó sì ní kí ìyá àti bàbá òun wá bá òun jẹun. Òun á ti ibi iṣẹ́ dé ní aago márùn-ún; kọ́kọ́rọ́ á wà lábẹ́ ẹní ìnusẹ̀. "Ilé kẹrin láti ìkóríta ni." Gbogbo ilé àdúgbò náà jọra bí ìbejì.

"Ṣé ẹ kà á dáadáa?" Ìyá, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, ló bi ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ogójì ọdún ni mo fi wọn pákó," ni káfíńtà dáhùn. "Ṣé ilé mẹ́rin ló máa wá dàrú mọ́ mi lójú?"

Kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ẹní lóòótọ́.

Agbẹ̀bí tú ẹrù rẹ̀: ìrù lọ́bsítà mẹ́rin, ìyẹn edé ńlá inú òkun. Kò sè é rí láyé rẹ̀. Ẹlẹ́ja ló kọ́ ọ. Ó ṣí dúrọ́wà mẹ́ta kó tó rí àlùmọ́gàjí. Ó gé èèpo ẹ̀yìn wọn jẹ́jẹ́ bí ẹni ń gé ìwọ́ ọmọ, ó fa ẹran funfun inú rẹ̀ sókè, ó fi bọ́tà àti ááyù ra á lára, ó tì í sínú ààrò onígáàsì.

Káfíńtà ń wá àwo. "Ìyá ọmọ mi, kí lèyí?"

Fídà ọmọ ọwọ́ ni, omi wàrà ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Agbẹ̀bí gbé ìbọ̀sẹ̀ náà síbi ìmọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló figbe ta.

"Ọmọ oṣù mẹ́rin! Mo mọ ẹsẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́rin! Àkòtagìrì ọmọ yìí ti bímọ, ó fi í pamọ́ fún wa!"

"Ó fẹ́ fi yà wá lẹ́nu ni."

"Ọmọ ọlọ́mọ ni mo ti ń gbà láti ọjọ́ yìí. Ó wá kàn mí!" Ó dì mọ́ ọkọ rẹ̀, ó tún já ara rẹ̀ gbà, ó ń jó yí tábìlì ká.

Káfíńtà ti ń fi ìka wọn afẹ́fẹ́. "Igi ọ̀gánwó ni màá fi kan ibùsùn ẹ̀. Èyí tó máa ń mì."

"Ẹ wò ó, mẹ́rin gan-an ni mo rà! Àwa méjì, òun àti ìyá ọmọ ẹ̀!"

Òórùn ló rán wọn létí ààrò. Wọ́n sáré fà á jáde: èèpo ti pọ́n dẹ̀dẹ̀, bọ́tà ń hó lórí ẹran. Wọ́n tẹ́ tábìlì fún ènìyàn mẹ́rin. Agbẹ̀bí nu ojú rẹ̀, ó tún gèlè wé.

Kọ́kọ́rọ́ dún lára ilẹ̀kùn. Ohùn obìnrin kan ń rẹ ọmọ tó ń ké lẹ́kún níta. Agbẹ̀bí na apá méjèèjì, ó ń jó lọ pàdé wọn. Bẹ́ẹ̀ ni fóònù dún lápò káfíńtà; ó gbé e, ohùn ọmọ wọn ni.

"Bàbá, níbo lẹ wà? Láti aago márùn-ún ni mo ti jókòó sílé tí mò ń retí yín."