Ọjà Tí A Kò Gbọ́dọ̀ Ná

Pańla ni mò ń tà ní Ìkìrun. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lókè àtẹ mi, Báńkì Àgbà ló so ó síbẹ̀, ó sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí a bá ń sọ. Wọ́n ní ọjà nínà ni kì í jẹ́ kí owó ọjà dúró sójú kan. Nítorí náà, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni pańla kan, ìbáà tóbi, ìbáà kéré, bí ológbò tiẹ̀ ti fẹnu kàn án.

Láàárọ̀ àná, Ìyá Adébùkọ́lá gbé pańla kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yínmú.

"Ẹlẹ́ja, gba ẹgbẹ̀rún méjì."

Ẹ̀rọ han gooro. Ẹnu tó ti ń ná ọjà láti àádọ́ta ọdún, ta ló lè dí i?

Kíá, Ọ̀gbẹ́ni Fátókí, òṣìṣẹ́ Báńkì Àgbà, ti dé.

"Màmá, ẹ ti ná ọjà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni owó ìtanràn."

"Ọmọ mi, gba ẹgbẹ̀rún méjì."

"Kò gbà, Màmá."

"Ó dáa, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, nítorí ìyá tó bí ọ."

"Kò gbà!"

Màmá yí ẹ̀yìn padà, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Ẹ padà wá, Màmá! Ẹ mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún wá!"

Ẹ̀rọ tún han. "Òṣìṣẹ́ Fátókí, ìwọ náà ti ná ọjà. Ogún ẹgbẹ̀rún ni owó ìtanràn rẹ."

Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú àtẹ ẹja mi, ó gbójú sókè sí ẹ̀rọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èló ni jálẹ̀?"