Apá Ìkẹyìn Fíìmù Ayaba

Ọjọ́ tí dókítà ní kí wọ́n máa gbé ìyá aránṣọ lọ sílé, pé kò sí oògùn mìíràn tí òun lè fún un mọ́, ìyá náà ò sunkún. Inú mọ́tò ló ti yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ìwọ, tújú ká. Mi ò ní kú láìrí ìparí fíìmù ayaba yẹn."

Àwàdà ló fi ṣe. Aránṣọ ò gbà á bí àwàdà.

Fíìmù àwọn ará Kòríà ni, ti ayé ọba wọn àtijọ́. Onífíìmù kan ní òpópónà kejì ló máa ń kó o sínú fílàṣì fún wọn díẹ̀díẹ̀. Aránṣọ á máa ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ fún ìyá rẹ̀, á sì máa fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ. Orúkọ àwọn èèyàn náà ò rọrùn ún pè, ni ìyá bá sọ wọ́n lórúkọ tirẹ̀. Ìjòyè tó fẹ́ lé ayaba kúrò láàfin ń jẹ́ Onírùngbọ̀n Ewúrẹ́. Ọba fúnra rẹ̀ ń jẹ́ Ọ̀dẹ̀.

"Ọ̀dẹ̀ tún ti gbọ́ ohun tí Ewúrẹ́ wí!" ìyá á pariwo, á sì máa wúkọ́.

Nígbà tí apá ìkẹyìn dé, ìyá ń sùn. Aránṣọ yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó wò ó tán lóun nìkan, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Lẹ́yìn náà ló ki fílàṣì bọ inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ, lábẹ́ àwọn bọ́tìnnì. Tí ìyá ò bá tíì rí ìparí, ìyá ò lè tíì lọ. Bó ṣe rò ó nìyẹn, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè.

Láràárọ̀, kó tó kúnlẹ̀ kí ìyá tán, ìyá á ti bèèrè.

"Ṣé onífíìmù ti gbé e dé?"

"Kò tíì dé, màámi."

"Àbí ó ti sá kúrò nílùú ni? Kò burú, mo ń dúró dè é. Lọ jẹun."

Aránṣọ á sì lọ jẹun. Látìgbà tí wọ́n ti kúrò ní ọsíbítù, àsìkò yẹn nìkan ni oúnjẹ máa ń gba ọ̀fun rẹ̀ kọjá.

Díẹ̀ ló kù kí onífọ́tò tó ń gbé yàrá ọ̀kánkán ba nǹkan jẹ́. Ó pàdé aránṣọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀yin náà ti wò ó? Látìbẹ̀rẹ̀, pupa ni ayaba ń wọ̀. Ìgbà tó wá wọ funfun lápá ìkẹyìn yẹn, tó ń rìn lọ síbi tí wọ́n fẹ́ pa á sí… Háà! Mo sunkún bí ọmọdé."

Aránṣọ di ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú, ó fà á dé títì. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi lóró. Tí màámi bá gbọ́ èyí, ẹ ti pa wọ́n nìyẹn."

"Èmi? Kí ni mo ṣe?" Ọ̀rọ̀ náà ò yé e. Àmọ́ ó tọrọ àforíjì, kò sì yà lọ́dọ̀ wọn mọ́.

Nọ́ọ̀sì kan máa ń wá wẹ ìyá lọ́sàn-án. Ó máa ń ti ilẹ̀kùn, torí ìyá ò fẹ́ kí ọmọ òun rí bí òun ṣe rù tó. Lọ́jọ́ kan, ìwẹ̀ náà pẹ́ gan-an. Nígbà tí ilẹ̀kùn fi máa ṣí, ojú ìyá ti pọ́n.

"Ọṣẹ ló kó sí wọn lójú," nọ́ọ̀sì ní. Ó wá bèèrè bóyá òun lè ki fóònù òun bọ iná, pé bátìrì ti kú.

Ara ìyá ń joro sí i. Gbogbo aṣọ rẹ̀ ti tóbi jù. Aránṣọ fẹ́ rán òmíràn tó máa fi sùn, ó ń fi téèpù wọn èjìká rẹ̀, pínnì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Àwọ̀ wo lo fẹ́ lò?" ìyá bèèrè.

"Funfun ló wà nílẹ̀."

"Má fi funfun dà mí láàmú o. Kò yẹ ayaba, ṣé èmi ló máa wá yẹ?"

Aránṣọ rẹ́rìn-ín débi pé pínnì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Lójijì, ó tẹjú mọ́ ọmọ rẹ̀. Aṣọ pupa ni aránṣọ lọ rà.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ìyá dákẹ́. Ó ti bèèrè, aránṣọ ti dáhùn pé kò tíì dé. "Lọ jẹun" ni ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn. Àwo ṣì wà lọ́wọ́ aránṣọ nígbà tó padà wọlé bá a.

Lẹ́yìn ìsìnkú, aránṣọ ò lè jókòó ti ẹ̀rọ mọ́. Nọ́ọ̀sì wá kí i kú ará fẹ́ra kù, ó bá a lórí ilẹ̀, fílàṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ìkà ni mí. Nǹkan kan ṣoṣo ni màámi bèèrè lọ́wọ́ mi. Fíìmù lásánlàsàn! Abẹ́ bọ́tìnnì ló wà, mo ń parọ́ fún wọn láràárọ̀, wọ́n sì lọ láìrí i. Mo rò pé mo dá wọn dúró ni. Ta ni mo dá dúró? Yéè, mo gbé!"

Nọ́ọ̀sì jókòó tì í. Ó gba fílàṣì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Orí fóònù mi ni mo ti fi apá ìkẹyìn náà hàn wọ́n lọ́jọ́ tí mo ní ọṣẹ kó sí wọn lójú," ó ní, "wọ́n sunkún fún ayaba, wọ́n bú Ewúrẹ́ àti Ọ̀dẹ̀ tán, wọ́n wá di ọwọ́ mi mú pé mi ò gbọdọ̀ sọ fún yín láé, torí ìgbà tí àwọn bá bi yín pé ṣé fíìmù ti dé nìkan lẹ máa ń rí oúnjẹ gbé mì."