Torkel àti Iwin Àbàtà

Owú ni àrùn tó ń bá Torkel jà, kò sì gbà pé ara òun ò yá. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń ṣẹ̀dá iwin fún ilé iṣẹ́ géèmù kan ní ìlú Skövde, lórílẹ̀-èdè Sweden. Iwin tirẹ̀ kì í dá rìn. Ẹni tó ń gbá géèmù ló máa gbé àwọ̀ iwin náà wọ̀, tí yóò máa lé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kiri inú igbó. Torkel ni olórí àwọn aṣẹ̀dá iwin, kò sì sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ náà bíi tirẹ̀, títí dìgbà tí Signe, òṣìṣẹ́ tuntun kan, fi dé.

Signe ò tíì lo ọdún kan tó fi ṣẹ̀dá iwin àbàtà kan. Bí iwin náà ṣe ń sáré ń dẹ́rù bani débi pé àwọn tó ń gbá a á pariwo, wọ́n á sì tún bẹ̀bẹ̀ pé àwọn fẹ́ gbá a sí i. Ni Gunnel, ọ̀gá wọn, bá sọ pé àwọn máa pe ará ìlú wá lọ́jọ́ Sátidé kí wọ́n wá yan èyí tó wù wọ́n nínú iwin àwọn méjèèjì. Ẹni tí wọ́n bá yan iwin rẹ̀ ni yóò ṣe olórí.

Láti ọjọ́ náà ni ara ti ń ta Torkel. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín lọ́dọ̀ Signe, á ní òun ni wọ́n fi ń ṣẹ̀sín. Ó pa kọfí aago mẹ́ta tì, bẹ́ẹ̀ ìdí kọfí yẹn ni wọ́n ti máa ń sọ ohun tó bá yí padà lẹ́nu iṣẹ́.

"Torkel, wá mu kọfí," Signe pè é lọ́jọ́ Jímọ̀. "Mo ní nǹkan kan tí mo fẹ́ sọ fún ẹ."

"Lọ fún iwin ẹ mu. Iṣẹ́ làwa wá ṣe níbí."

Bí àwọn yòókù ṣe jókòó ti kọfí báyìí, Torkel ṣí fáìlì iwin Signe, ó sì ba ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Bí iwin náà bá ti sáré díẹ̀, orúnkún rẹ̀ á yẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé, ilé kún. Iwin Signe ṣubú yakata, àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Inú Torkel dùn ju ti ọmọ tó rí súìtì lọ. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó láti gbá tirẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré, iwin rẹ̀ náà dojú bolẹ̀. Ó dìde, ó tún ṣubú.

"Ṣé ọtí ni wọ́n fún èyí náà mu ni?" obìnrin kan béèrè.

"Ta ló fọwọ́ kan iwin mi?" Torkel figbe ta.

Gunnel wo inú kọ̀ǹpútà, ó ní, "Orúkọ ẹ ló wà níbí. Ìwọ lo yí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà lánàá."

"Irọ́ ni! Ti Signe ni mo fọwọ́ kàn!"

Gbogbo èèyàn yíjú sí i.

Signe wò ó. "Gunnel gbà kí n fún iwin ẹ ní ẹsẹ̀ tèmi, kí tìẹ náà lè máa sáré dáadáa. Ẹsẹ̀ kan náà làwọn méjèèjì ń lò láti àárọ̀ àná, ohun tó bá ṣe ti ọ̀kan ló ń ṣe ti èkejì. Ohun tí mo pè ẹ́ láti sọ fún ẹ nìyẹn."

Níwájú gbogbo àlejò ni Gunnel ti gba ipò olórí lọ́wọ́ Torkel. Láti ọjọ́ Ajé, Signe ni olórí, Torkel sì ń ya èékánná àti irun sára iwin tí ẹlòmíràn ṣẹ̀dá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ka ìtàn yìí, ẹ má ṣe jẹ́ kí owú dí yín létí. Torkel rò pé ọ̀tá òun ni Signe, bẹ́ẹ̀ Signe nìkan ló ń wá ire rẹ̀ nínú ilé iṣẹ́ náà. Bí iṣẹ́ ẹnì kejì bá dára ju tiwa lọ, ẹ jẹ́ ká sún mọ́ ọn, ká kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń wá bí iṣẹ́ ẹlòmíràn yóò ṣe bàjẹ́ lè fọwọ́ ara rẹ̀ ba tirẹ̀ jẹ́ kó tó mọ̀.