Ẹ̀gẹ́ Orí Ilẹ̀ Ìbalẹ̀
Láràárọ̀, ìdílé kọ̀ọ̀kan nílùú wa a máa gbá ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ òfuurufú tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá kú lókè. Àjíún nìkan ló gbin ẹ̀gẹ́ sí tirẹ̀ lọ́dún yìí, nítorí kò sẹ́ni tó balẹ̀ síbẹ̀ rí.

Àfi bí ọkọ̀ kékeré kan ṣe yọ nínú ìkùukùu, láìdún, bí ìyẹ́ lékèélékèé. Àjíún bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹ̀gẹ́ tu.

“Dúró díẹ̀ lókè o!”

Ọkọ̀ náà kò lè dúró. Ó wó ẹ̀gẹ́ tó kù lulẹ̀, ó sinmi lẹ́bàá ẹsẹ̀ Àjíún. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yọjú láti inú ọkọ̀ náà.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ba oko yín jẹ́.”

“Oko ta ni? Ilẹ̀ rẹ ni mo gbìn sí.” Ó fi ọwọ́ eléèrùpẹ̀ gbá a mọ́ra. “Káàbọ̀, ọmọ mi. Wá mu omi.”