Eré Tí Bọ́lárìnwá Kọ́kọ́ Kọ

Inú àpótí Ògúndélé ní Ìfẹ̀wàrà ni wọ́n ti rí eré náà. Ọ̀rẹ́ Bọ́lárìnwá ni Ògúndélé, àwọn méjèèjì sì ti kú. Àwọn ọmọ Ògúndélé gbé e fún Àdíját, tí ó ń darí ẹgbẹ́ òṣèré kan ní Òṣogbo, òun ni ó sì tẹ ilé Bọ́lárìnwá láago ní Iléṣà. Àwọn ènìyàn ṣì ń ṣe àwọn eré Bọ́lárìnwá yòókù. Èyí ṣáájú gbogbo wọn, ẹnikẹ́ni kò sì ṣe é rí.

Tinúolúwa, àkọ́bí rẹ̀, gbà kí wọ́n ṣe é. Kò fẹ́ kà á. Ó ní láti ìgbà tí Bàbá ti kú, òun kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tuntun kankan láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Òun fẹ́ gbọ́ eléyìí lẹ́nu òṣèré.

Màmá ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbójú sókè.

"Bàbá yín ṣèlérí fún mi pé kò ní jáde."

"Kí ló wà níbẹ̀, Màmá?"

"Adúmáadán, fi í sílẹ̀."

Bí ó ṣe máa ń pe Tinúolúwa nìyẹn. Láńrewájú, àbúrò rẹ̀, máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ààyò ọmọ ló ní orúkọ ìkẹ́, òun ń jẹ́ Láńrewájú lásán láti ọjọ́ ìkómọ. Ó ní obìnrin kan ni yóò wà nínú eré náà, ẹni tí Bàbá fẹ́ràn kí ó tó fẹ́ Màmá.

"Owú àtijọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é."

Tinúolúwa sọ fún Màmá pé obìnrin yòówù kó wà níbẹ̀, kò lè dín Màmá kù lójú àwọn. Màmá kàn béèrè bóyá eré náà pé. Wọ́n ní ó pé.

Màmá bá wọn lọ sí Òṣogbo. Obìnrin kan wà nínú eré náà lóòótọ́. Orí ìkúnlẹ̀ ló kú sí kí ìran kìíní tó parí. Láńrewájú fi ìgúnpá gún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Tinúolúwa di ọwọ́ Màmá mú. Ní ìran kejì, wọ́n mú ìyàwó tuntun dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n da omi sí i lẹ́sẹ̀.

Ìyàwó náà wọlé, ó bá ọmọ ọwọ́ kan lórí ẹní, ó gbé e, ó sì sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé, "Mo bá a nílé, n kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀, Adúmáadán ni n ó máa pè é."