Àpótí Oògùn Oorun Bàbá Mi

Láràárọ̀ ni àpótí oògùn tí ìjọba kàn mọ́ ògiri ń bi bàbá mi pé, "Ṣé ẹ sùn?"

"A dúpẹ́," ni wọ́n ń dáhùn, wọ́n á sì yán débi pé kọ́tìnnì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ wọ́n lẹ́nu.

Àpótí gbà wọ́n gbọ́, ó ń dín oògùn oorun wọn kù. Lónìí, ó ní òun ò ní fún wọn ní oògùn mọ́.

"Bàbá, ẹ sọ òótọ́," ni mo wí.

"Mi ò sùn. Ìyá rẹ lọ tọ́jú ọmọ tuntun ní Òṣogbo, ilé dákẹ́ jù."

Híhanrun ìyá mi lè ká òrùlé ilé méje.

"Mo dá ìdajì oògùn yín padà," ni àpótí wí, "ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ pe màmá."

Mo pè wọ́n. Kí n tó yíjú, àwọn méjèèjì ti ń hanrun síra wọn lórí fóònù, oògùn ṣì wà lọ́wọ́ bàbá.